Báwo Ni Adìyẹ Màmá?

Ọ̀rọ̀ adìyẹ ni wọ́n fi ń mọ̀ pé Bọ́dúndé ṣì wà láàyè, bẹ́ẹ̀ Màmá wọn ò ní adìyẹ kankan.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ aṣọ tí Bọ́dúndé ń bá ṣiṣẹ́ ní Ìlúpéjú kógbá wọlé, ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó ní òun máa gba aṣálẹ̀ lọ sí òkè òkun. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Màmá, ọmọ Èkìtì tí kì í fi ọ̀rọ̀ ayé ṣeré, dì í lọ́wọ́ mú kó tó jáde nílé wọn ní Onígbòǹgbò.

"Ayé le, ọmọ mi. Ẹni tó ń rìnrìn-àjò kì í pariwo. Títí wàá fi débẹ̀, má forúkọ rẹ sílẹ̀ níbì kankan."

Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti gba fóònù rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo nọ́ńbà inú rẹ̀. Àwọn ọmọ yahoo ti kọ́kọ́ gba ímeèlì rẹ̀. Ohun tó kù ò ju búlọ́ọ̀gì Fọlákẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, lọ. Tíṣà ni Fọlákẹ́, ojú-ewé rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì yìí ló sì ń kọ ìròyìn àdúgbò sí: ẹni tó bímọ, ẹni tó ń bá lándílọ́ọ̀dù jà, ẹni tó fẹ́yàwó tí kò sọ fún ti ilé. Bọ́dúndé á kà á níbi yòówù tó bá wà, á sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ láìforúkọ sí i pé, "Báwo ni adìyẹ Màmá?" Fọlákẹ́ á fèsì pé, "Ó ti sàba." Àwọn àlejò tó ń kà á á máa rẹ́rìn-ín. Màmá á gbọ́, á sì sùn dáadáa.

Ọdún keje ìjọba alágbádá nìyẹn. Wọ́n ní ayé ti yí padà, àmọ́ ẹni kankan ò sọ fún NEPA. Káfè Afeez ní Computer Village ni Fọlákẹ́ ti ń kọ̀wé rẹ̀, ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá sì dùn gan-an ni iná máa ń lọ, gbogbo ohun tó ti kọ á dàwátì. Nítorí náà, lọ́sàn-án ọjọ́ tí ìkéde kan yọ lójú kọ̀ǹpútà pé ètò tó fi ń kọ búlọ́ọ̀gì ti ní ẹ̀dà tuntun tó ń jẹ́ béta, kíá ló pe Afeez.

"Kí ni wọ́n ń pè ní béta?"

"Àǹtí, ọbẹ̀ ṣì wà lórí iná ni o, àmọ́ wọ́n ní ká máa tọ́ ọ wò. Tí NEPA bá múná lọ, ohun tẹ́ ẹ kọ ò ní sọ nù mọ́, ó ń save ẹ̀ fúnra ẹ̀. Wọ́n tún fi mégáàdì síbẹ̀ fún àwọn tó ń bú yín."

Ọ̀rọ̀ mégáàdì yìí ló wọ Fọlákẹ́ lára jù. Aláìlórúkọ kan wà tó ń pè é ní olófòófó lójoojúmọ́. Ètò tuntun náà bi í bóyá kí àwọn tí kò forúkọ sílẹ̀ máa dúró síta títí Fọlákẹ́ yóò fi gbà wọ́n wọlé. Ẹni tó ń bú u nìkan ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n dúró síta, kí oòrùn pa wọ́n. Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Èébú dáwọ́ dúró. Ọ̀rọ̀ adìyẹ náà dáwọ́ dúró.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn tẹ̀lé e. Màmá á ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kí Fọlákẹ́ tó dé láti káfè. "Ṣé ó ti bèèrè adìyẹ?" "Kò tíì bèèrè, Màmá." Màmá pa oúnjẹ tì. Ẹ̀rù ń ba Fọlákẹ́. Ó kọ ọ́ sórí búlọ́ọ̀gì pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bèèrè adìyẹ wa." Àwọn tó lórúkọ dá a lóhùn. Ọ̀kan ní òun ń gbàdúrà fún adìyẹ náà, òmíràn júwe oògùn.

Nígbà tó sú u, ó lọ bá Afeez. "Orí burúkú ni béta yìí gbé wá bá mi. Dá mi padà sí ti tẹ́lẹ̀."

"Kò sí àbọ̀ o, Àǹtí. Téèyàn bá ti wọ béta, ó ti wọ̀ ọ́ nìyẹn." Oníbàárà pè é, ó lọ.

Fọlákẹ́ ò gbà. Ó ń ṣí gbogbo ojú-ewé inú ètò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ọ̀nà àbọ̀. Ojú-ewé kan tí kò ṣí rí wà níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sí i lórí pé, "Àwọn tó ń dúró." Ó tẹ̀ ẹ́. Èébú ló kọ́kọ́ rí. Ó wò sísàlẹ̀.

"Báwo ni adìyẹ Màmá?"

"Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni adìyẹ?"

"Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ. Mò ń bèèrè o! Ẹ dá mi lóhùn."

Èyí tó kẹ́yìn gùn díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi Bọ́dúndé ni. Mo ti dárúkọ ara mi, kí Màmá má bínú. Bóyá ẹ ti kọ̀ mí sílẹ̀. Ìyà ibí pọ̀. Tẹ́ ẹ bá ní kí n máa bọ̀ nílé, màá padà. Tí mi ò bá gbọ́ ohùn yín títí di ọjọ́ Ẹtì, màá bá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi."

Ọjọ́ Ẹtì yẹn ti kọjá.

Fọlákẹ́ fọwọ́ bo ẹnu, igbe náà jáde síbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ pé, "Máa bọ̀ nílé, Bọ́dúndé, máa bọ̀ nílé," ni NEPA bá múná lọ. Afeez sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà jí, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀ láìyingin. Béta ò purọ́. Ó fi í ránṣẹ́, ó jókòó tì í títí Afeez fi fẹ́ tilẹ̀kùn. Ẹni kankan ò dáhùn.

Màmá ti ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Ṣé ó ti bèèrè adìyẹ?"

Fọlákẹ́ ò lè purọ́ fún un. "Ó bèèrè, Màmá."

Ó fẹ́ sọ ìyókù, àmọ́ Màmá ti kúnlẹ̀, ó ti gbọ́wọ́ méjèèjì sókè, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tó dìde, ó fi ìró nu ojú, ó ní kí Fọlákẹ́ gbómi iṣu kaná, ebi ń pa òun.