Ẹni Tí Yóò Máa Tọ́ Ọ Wò

Àlàájì Tìjání fa ọ̀rá ìpékeré kan ya, ó sì da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà Haneefah.

"Tọ́ ọ wò."

Haneefah mú ẹyọ kan jẹ. Kò tíì gbé e mì tí ojú rẹ̀ ti fún pọ̀. Òróró tí wọ́n fi dín in ti pẹ́ jù, ó ń korò lọ́nà ọ̀fun.

"Láti oṣù tó kọjá làwọn oníbàárà mi l'Ókè Àrin ti ń dá a padà," Àlàájì wí. "Torí ìyá ẹ ni mi ò fi pariwo. Àbí Màmá ò tọ́ ọjà wò mọ́ ni?"

"Wọ́n ń tọ́ ọ wò, Àlàájì. Ojoojúmọ́ ni."

Àlàájì mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìyá Haneefah, Àlàájà Rùkáyátù, ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ nísàlẹ̀ ilé bàbá rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, nígbà tó jẹ́ pé ìkòkò kan àti àdògán kan péré ló ní. Òfin kan ló gbé e ró: ọjà kankan kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé Àlàájà tọ́ ọ wò, tó sì ní, "Ó dáa." Bó bá ti sọ ọ́, ọ̀rọ̀ parí. Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó. Ta ni nínú àwọn tó ń dín ìpékeré tó máa ní òun gbọ́ adùn ju ìyá tó ń sanwó òun lọ?

Ṣùgbọ́n ilé ìtajà ńlá kan nítòsí Tinúbú fẹ́ máa ra ọjà wọn, "ó dáa" ẹnu lásán kò sì tó o. Ìwé ẹ̀rí ló ń béèrè. Ìwé ẹ̀rí ọ̀hún náà tún ń béèrè àkọsílẹ̀: kí ni àfojúsùn ilé iṣẹ́ yìí lórí dídára ọjà, báwo ni wọn yóò ṣe máa wọ̀n ọ́n, ta sì ni yóò dáhùn fún un. Nítorí àkọsílẹ̀ yìí ni Haneefah ṣe kúrò nídìí iná lóṣù tó kọjá, tó gòkè wá jókòó ti kọ̀ǹpútà.

Ohun tó kọ́kọ́ kọ ni, "Kí ìpékeré wa máa dùn." Ọpẹ́olúwa, agbaninímọ̀ràn tí wọ́n gbà, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ohun tí a kò bá lè wọ̀n kì í ṣe àfojúsùn, àdúrà ni. Haneefah bá pa á rẹ́. Ó kọ ọ́ pé nínú ọgọ́rùn-ún páálí tó bá jáde, èyí tí oníbàárà máa dá padà kò gbọdọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Pé wọn yóò máa pààrọ̀ òróró lásìkò. Pé ẹnì kan yóò máa tọ́ gbogbo ọjà wò kó tó wọ ọ̀rá. Iwájú èyí tó gbẹ̀yìn nìkan ló ṣì ṣófo. Orúkọ ẹni náà ni wọ́n ń retí níbẹ̀.

Lọ́la ni àwọn olùyẹ̀wò ń bọ̀.

Orúkọ ìyá rẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Orúkọ mìíràn wo ló tún kù? Àmọ́ bí àwọn olùyẹ̀wò bá ní kí Màmá tọ́ ọjà wò lójú àwọn ńkọ́? Ṣé kí ojú wá ti ìyá rẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀? Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bu ìpékeré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dín láàárọ̀ yẹn sínú àwo kan, ó da èyí tí Àlàájì dá padà sínú àwo kejì.

Àlàájà jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń fa tẹ̀sùbáà.

"Màmá, ẹ bá mi tọ́ méjèèjì yìí wò."

Ẹni tó bá gbé oúnjẹ fún àgbà ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò; bí wọ́n ṣe tọ́ Haneefah nìyẹn. Ó mú nínú èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dín. Ó dùn, ó ń rún wómúwómú lẹ́nu. Àlàájà náà mú tirẹ̀.

"Ó dáa," ó wí kíá. "Iyọ̀ ẹ̀ mọ níwọ̀n."

Ọkàn Haneefah balẹ̀. Ó fẹ́ mú nínú àwo kejì nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ọpẹ́olúwa ni.

"Àǹtí, orúkọ ta lẹ kọ? Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde kí wọ́n tó mú iná lọ."

Haneefah kọ ẹ̀yìn sí ìyá rẹ̀. "Ẹ ní sùúrù díẹ̀, mò ń bọ̀."

Nígbà tó yíjú padà, Àlàájà ti mú nínú àwo kejì. Kò rún un mọ́. Ó gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, ó tẹjú mọ́ ojú Haneefah, ó ń wá nǹkan níbẹ̀, bí ọmọ ilé kéú tó gbàgbé súrà, tó ń wo ẹnu ẹni tó jókòó tì í.

Haneefah wò ó padà. Kò jẹ́ kí ojú rẹ̀ sọ nǹkan kan.

"Ó dáa," Àlàájà wí níkẹyìn. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Àbí?"

"Màmá. Láti ìgbà wo?"

Àlàájà tu ìpékeré náà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń wò ó. "Láti ìgbà ibà yẹn. Bí ẹni ń jẹ bébà ni. Iyọ̀ o, ata o, oyin o, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lẹ́nu mi."

"Ibà ọdún méjì sẹ́yìn! Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Kí n sọ fún ta ni? Ẹnu mi ni gbogbo wọn ń dúró dè." Ó tọ́ka sí àwo náà. "Ìwọ lo máa ń gbé àwo wá. Láti kékeré, bí nǹkan ò bá dáa, ojú ẹ kì í lè fi pamọ́. Òun ni mò ń wò. O wá gòkè. Ṣèyí tó rọ́pò ẹ nídìí iná ló ń gbé e wá báyìí, ojú tọ̀hún kì í sọ nǹkan kan fún èèyàn."

Oṣù tó kọjá. Oṣù tó gòkè lọ kọ̀wé nípa dídára ọjà gan-an ni ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dun Haneefah dé eegun. Ó kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú, ó bú sẹ́kún.

"Dìde," Àlàájà wí. "Orúkọ ẹ ni kó o kọ síbẹ̀. Má torí ìtìjú kọ tèmi."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìborùn, ó dìde lórí àpótí tó ti ń jókòó sí kí Haneefah tó gbọ́njú, ó sì wọlé lọ.

Haneefah kọ orúkọ ara rẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí Ọpẹ́olúwa fi dá a lóhùn pé gbogbo ẹ̀ ti pé, pé ó kú iṣẹ́. Lójú Haneefah, ńṣe ló dà bíi pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ìyá òun jáde nínú ilé.

Lẹ́yìn ìrun Àílà, ó gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lọ bá a ní yàrá. Ó tọ́ ọ wò, ó gbé e kalẹ̀. Àlàájà fọwọ́ bù ú, ó jẹ díẹ̀, ó béèrè ohun tó máa ń béèrè nídìí gbogbo oúnjẹ.

"Ṣé ó dùn?"

Haneefah ti rò pé ìyìn ni ìyá òun ń wá. Láìgbójú kúrò lára fóònù ló ti máa ń ní, "Ó dùn, Màmá." Lọ́jọ́ kan tí inú ń bí i, ó tiẹ̀ ní, "Ṣé ẹ̀yin náà ò jẹ ẹ́ ni?"

Ó fi fóònù sílẹ̀, ó sún mọ́ ọn.

"Iyọ̀ ẹ̀ mọ níwọ̀n, Màmá. Ata ẹ̀ ò kọ́kọ́ ta, ẹ̀yìn ló wá ń ta. Wọ́n fi edé sí i, èyí tó gbẹ dáadáa yẹn. Ẹ̀kọ yẹn kan díẹ̀, bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ràn ẹ̀."

Àlàájà di ojú, ó ń jẹun lọ díẹ̀díẹ̀.

"Máa sọ ọ́ lọ," ó wí.