Orúkọ Bàbá Ló Ṣíwájú

Ìwé ìdìbò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìyàwó mi ló kọ́kọ́ dé ilé wa ní Bowie, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹrin. Morọ́láyọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì dé ni, kò tíì bọ́ bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, àwa méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka wá orúkọ ọmọ wa láàárín àwọn mẹ́sàn-án tó ń du ipò nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé-ẹ̀kọ́ káúńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ tibí. Òun ló wà ní ipò kẹrin: OYEWALE INUOLUWA. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu ko ìwé náà. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń gbọ́ bí àwọn èèyàn ibí ṣe ń lọ́ orúkọ wa lọ́rùn, òun náà ló wá jókòó nínú ìwé ìjọba yìí, tí lẹ́tà kan kò sọnù nínú rẹ̀.

Inúolúwa dé nírọ̀lẹ́. Nọ́ọ̀sì ni òun náà, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Hillcrest Heights ló ti ń ṣiṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló sọ ọ́ di olùdíje: ilé-ẹ̀kọ́ méjì ni wọ́n kó lé òun nìkan lọ́wọ́, ọjọ́ tó bá wà ní ọ̀kan, kò sí nọ́ọ̀sì ní èkejì. Nurse Oyewale ni gbogbo òbí mọ̀ ọ́n sí. OYEWALE gàdàgbà ló sì wà lára àwọn pátákó tí a rì mọ́lẹ̀ káàkiri àdúgbò.

Ó wo ìwé náà. Kò rẹ́rìn-ín.

"Daddy, wọ́n ti flip orúkọ mi. They put me under I."

"Flip báwo? Ṣé orúkọ rẹ kọ́ nìyẹn ni?"

"Oyewale is my last name! Lẹ́tà orúkọ tó kẹ́yìn ni wọ́n fi ń tò wá. Àwọn èèyàn máa wá mi ní O, wọn ò ní rí mi. Àwọn election people yìí ti bà mí jẹ́."

Kì í ṣe àwọn ará ọ́fíìsì ìdìbò ló ṣe é. Èmi ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi. Níbi tí mo ti kàwé n'Íbàdàn, bí o bá kọ orúkọ tìrẹ ṣáájú ti bàbá rẹ, tíṣà á fi rúlà bi ọ́ léèrè bóyá ìwọ lo bí bàbá rẹ. Orúkọ bàbá ló máa ń ṣíwájú, nínú ìwé ìdánwò, nínú rẹ́jísítà, níbi gbogbo. Inúolúwa ní kí n bá òun kọ fọ́ọ̀mù olùdíje, torí èmi ni ṣíamánù ìpolongo rẹ̀, oyè tí mo fi ń yangàn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ó fọwọ́ sí i láàárín iṣẹ́, kò kà á. Nígbà tí ọ́fíìsì ìdìbò tún fi àpẹẹrẹ ìwé ránṣẹ́ pé ká yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọjọ́ méjì, imeèlì tèmi ló bá wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wò ó. Ó dáa lójú mi. Mo fèsì pé kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀.

Mi ò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ojú tì mí, òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo ní màá sọ ọ́ lọ́la, lọ́la sì di ọjọ́ mẹ́rin. Láàárín ìyẹn, obìnrin kan pè láti Accokeek pé òun wá Nurse Oyewale ní O títí, òun ò rí i, òun bá yan ẹlòmíràn, òun sì ti fi ìwé náà ránṣẹ́. Inúolúwa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa lórí fóònù. Lẹ́yìn náà ló wọ yàrá lọ sunkún.

Ní Wẹ́sìdeè, Zulaykha wá sílé wa. Ọ̀rẹ́ Inúolúwa láti kékeré ni, ó ti di lọ́yà báyìí. Ó fẹ́ lọ bẹ adájọ́ kí wọ́n tún ìwé ìdìbò náà tẹ̀. Ọ́fíìsì ìdìbò ti kọ̀wé sí i nípa ohun tí ìyẹn máa náni: bébà tuntun, àpò ìwé, sítáǹbù, lẹ́tà àlàyé fún gbogbo ẹni tí wọ́n ti fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí, àti ẹ̀rọ ìdìbò tí wọ́n máa tún yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó dọ́là.

"Owó government ni," ni mo wí. "Amẹ́ríkà tó ń ju rọ́kẹ́ẹ̀tì sójú ọ̀run! Kí ni wọ́n fẹ́ fi iye yẹn ṣe?"

Zulaykha ti bébà kan sí iwájú mi.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́ sir, as chairman, ẹ̀yin lẹ máa sign affidavit yìí. Ó ń sọ pé kò sẹ́nì kankan lọ́dọ̀ wa tó approve orúkọ yẹn. Wọ́n ní somebody did. Mo ní kí wọ́n fi hàn mí, wọn ò tíì fi hàn."

Ìwé ìbúra ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, síbẹ̀ mo mú bírò, mo kọ orúkọ mi síbi tí wọ́n ní kí n kọ ọ́ sí.

"Ah, sir, ẹ ti kọ ọ́ ní reverse. First name ló máa ṣáájú."

"Kí ló wà ní reverse níbẹ̀?" Mo gbaná jẹ. "Bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ nìyẹn!"

Inúolúwa fa bébà náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. OYEWALE OLUTAYO. Ó wò ó pẹ́.

"Daddy. Ẹ̀yin lẹ kọ fọ́ọ̀mù mi."

"Èmi ni."

"And the email?"

"Èmi náà ni. Mo rò pé ó dáa."

Zulaykha gba bírò lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́. Ó ní ẹjọ́ náà kò tíì kú, pé ẹni yòówù kó ṣàṣìṣe, ohun tó dàrú ti dàrú lójú àwọn olùdìbò, adájọ́ ṣì lè gbà fún wa. "But Inú, without new ballots, you will lose. Mo ń sọ fún ẹ."

"Nọ́ọ̀sì mélòó ni owó yẹn?" ni Inúolúwa bi í.

Ìyá rẹ̀ ló dáhùn látibi tó jókòó sí. "Mẹ́rin. Fún ọdún kan gbáko."

"So kí n lọ sọ fún judge pé kí káúńtì náwó nọ́ọ̀sì mẹ́rin, kí n lè débi tí màá ti máa bẹ̀ wọ́n fún nọ́ọ̀sì? Lórí àṣìṣe tiwa?"

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ gan-an. Mo fẹ́ kí ìjọba san án, kí ohun tí mo ṣe lè fúyẹ́ lọ́rùn mi. Ó ká ìwé ìbúra náà sí méjì, ó ní kí Zulaykha wá jẹun.

Lọ́jọ́ ìdìbò, láti òwúrọ̀ títí wọ́n fi tilẹ̀kùn, ó dúró sínú oòrùn lọ́ọ̀ọ́kán ibi tí wọ́n ti ń dìbò, ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé I ni kí wọ́n ti wá òun. Èmi náà dúró. Àwọn kan gbọ́, àwọn kan ń kánjú. Àwọn méjì tó bá ṣíwájú ló ń lọ sí ìdìbò àṣekágbá ti oṣù kọkànlá. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, òun ló ṣe ìkẹta, ìbò ọ̀ọ́dúnrún ó lé díẹ̀ ló kù ú kù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí èsì jáde, ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mi ò tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ ọmọ rí láyé mi.

"Inú, mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, má bínú."

"Ó dùn mí, Daddy. It really hurts. Màá ṣì máa bínú fún ìgbà díẹ̀." Ó dì mọ́ mi ṣókí, ó sì jáde.

Mo rò tẹ́lẹ̀ pé nílùú tó lówó báyìí, àṣìṣe tèmi kò ní ni ẹnì kankan lára. Káúńtì kò ná kọ́bọ̀ lé e lórí. Ọmọ mi ló san gbogbo rẹ̀, ó sì wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́.