Fáíbà Ọdún Méjì

“Àdéhùn ọdún méjì ni ẹ ò ní san owó gbígbẹ́ ilẹ̀ fún,” Sheriff, ọmọkùnrin tó wá láti iléeṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. “Owó oṣooṣù nìkan ni. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kó kúrò kó tó pé, Àǹtí, ẹ máa san ìyókù ni o. Ti ọdún kan náà wà. Ẹ̀yin lẹ máa sanwó gbígbẹ́ ilẹ̀ tìyẹn.”

Safiyyah mú bírò, ó tún gbé e sílẹ̀. Ó nílò fáíbà yìí, wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀, kò sí àní-àní. Kéú ló ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó wà lókè òkun, láti Òmù-Àrán níbí, lórí kọ̀ǹpútà, àmọ́ ráútà onísíìmù tó ń lò ti ń dójú tì í. Bí ọmọ bá ń ka Kùráànì, ohùn rẹ̀ á gé lójijì, Safiyyah ò ní mọ̀ bóyá ọmọ ló fo háráfì tàbí nẹ́tíwọ́kì ló gbé e mì. Olùkọ́ tí kò bá sì gbọ́ ohùn ọmọ ketekete, báwo ló ṣe fẹ́ tọ́ ọ sọ́nà? Àwọn òbí kan ti yọ ọmọ wọn.

Ṣùgbọ́n ilé àwọn ọkọ rẹ̀ ló wà yìí. Mubashir ọkọ rẹ̀ ti kú, wọn ò bímọ, láti ìgbà tó sì ti ṣe opó tán, kò sẹ́ni tó bi í bóyá yóò dúró tàbí yóò lọ. Àwọn èèyàn rẹ̀ ní Arandun ń retí rẹ̀. Òun àti Jàrátù, ìyá ọkọ rẹ̀, jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń kírun, àmọ́ kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nínú wọn. Báwo ni èèyàn ṣe ń buwọ́ lu ọdún méjì nínú irú ilé bẹ́ẹ̀?

Jàrátù ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà. Safiyyah lọ kúnlẹ̀ tì í.

“Màmá, ọdún méjì ni wọ́n ní kí n buwọ́ lù. Mo ní kí n bi yín ná.”

“Má buwọ́ lù ú.” Màmá ò tiẹ̀ gbójú sókè.

Safiyyah gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Wọ́n ti lé òun nìyẹn.

“Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n parí oṣù yìí.”

“Ta ló lé ẹ?” Màmá gbé igbá ẹ̀gúsí sílẹ̀. “Ilé ẹ nìyí. Bó o bá darúgbó síbí, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ léèrè. Ṣùgbọ́n ọmọdé ṣì ni ẹ́. Bí Ọlọ́hun bá gbé ọkọ mìíràn dé lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé wàá sọ fún un pé wáyà ló so ẹ́ mọ́lẹ̀ ni? Mo fẹ́ kó o dúró, Safiyyah. Ẹ̀rù máa ń bà mí pé màá jí lọ́jọ́ kan, n ò ní gbọ́ ohùn ẹ níbi tó o ti ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ òkè òkun yẹn. Àmọ́ n ò fẹ́ kó jẹ́ gbèsè ló máa dá ẹ dúró.”

Safiyyah bú sẹ́kún. Ó sunkún dáadáa, kò fi pa mọ́. Sheriff, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, wá ń wo fóònù tí kò dún.

“Ẹ kọ ọdún kan fún wa,” Safiyyah sọ fún un nígbà tó nujú tán.

“Owó gbígbẹ́ ilẹ̀ ńkọ́?”

“Èmi ni màá san án,” ni Màmá wí. Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára ìró, ó dìde, ó ṣáájú Sheriff lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé láti fi ọ̀nà wáyà hàn án.

“Apá ibi kànga yìí ni kí wọ́n gbà,” ó ní. “Wọn ò gbọdọ̀ gbẹ́ apá ọ̀hún. Ọmọ mi ló sùn síbẹ̀.”