Òwú Pupa Ìyá Aránṣọ

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo kí yín. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jẹ́ kí a lajú rí ìmọ́lẹ̀ òní.

"Na òwú náà sókè dáadáa," ni Ìyá Aránṣọ wí lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin na òwú pupa náà síwájú rẹ̀. Ojú òsì ìyá rẹ̀ ti ṣú pátápátá. Ọ̀tún nìkan ló kù.

"Àwọ̀ wo ni, Màmá?"

"Lánàá, pupa ni. Lónìí, ó dà bí irin tó dípẹtà." Ó nawọ́ wá ọwọ́ ọmọ rẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Abẹ́rẹ́ ni mo fi tọ́ ọ lẹ́yìn bàbá rẹ. Bí ojú yìí bá lọ, kí ló kù?"

Àìsàn rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó máa lé àrùn ti ṣìnà. Wọ́n ń jẹ èèpo iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ, bí eku ṣe ń jẹ rọ́bà ara wáyà iná. Àwọn dókítà ìlú mélòó kan para pọ̀ ń ṣèwádìí rẹ̀, Dókítà Àgbà ọsibítù yìí sì wà lára wọn. "Góòlù wa" ló ń pe Ìyá Aránṣọ.

"Góòlù wa, ẹ má tíì fẹnu kan oògùn o. Ẹ̀jẹ̀ tí oògùn ò tíì dé inú rẹ̀ là ń wá. Ó ku ti ìkẹyìn tí a máa gbà."

"Dókítà, ojú mi ń lọ."

"Sùúrù ni baba ìwà, Mà."

"Baba ìwà la rí yìí," ọmọ náà kùn. "Ojú ìyá mi ńkọ́?"

Lọ́sàn-án, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ aláìsàn gbé opó náà síwájú kọ̀ǹpútà ńlá kan, níbi tí ojú àwọn dókítà ìlú mìíràn tò sí. Obìnrin kan láàárín wọn tẹjú mọ́ ọn.

"Ẹ kú ìnira, Mà. Oògùn tí a ní kí wọ́n kọ́kọ́ fún yín ńkọ́? Ṣé ara yín gbà á?"

"Oògùn wo, ọmọ mi?"

Dókítà Àgbà yára tẹ nǹkan kan. Ẹnu obìnrin náà ṣì ń mì, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò jáde mọ́.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni," ni Dókítà Àgbà wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti rí ohun tí ìka rẹ̀ tẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Dókítà, wọ́n ti ní kí ẹ fún un! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un nísinsìnyí."

"Bí a bá gba ẹ̀jẹ̀ àárọ̀ ọ̀la tán. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbé e lọ sílé, kí ẹ ra oògùn náà fúnra yín."

Bí wọ́n tilẹ̀ ta ẹ̀rọ ìránṣọ, owó rẹ̀ kò lè tó ra oògùn náà. Ọmọ náà dìde, ó ti kẹ̀kẹ́ ìyá rẹ̀ padà sídìí bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà. Dókítà Àgbà fọwọ́ ara rẹ̀ tì í sáàárín yìnyín, ó ń kọrin ìyìn ní ohùn jẹ́jẹ́. Ìgbà náà ni nọ́ọ̀sì tó gbé oògùn kọ́.

Ọmọ náà na òwú sókè.

"Màmá, àwọ̀ wo ni?"

Ìyá Aránṣọ nawọ́ sí afẹ́fẹ́, ó ń táràrà.

"Tan iná ná, ọmọ mi, kí n tó dá ọ lóhùn."

Oòrùn ti kún inú yàrá náà.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á, kí ojú yín máa rí pupa òwú títí dọjọ́ alẹ́. Kí Olúwa má sì fi yín lé ọwọ́ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ yín wúlò fún ju ojú yín lọ. Àmín.