Ohun Tí Ọwọ́ Bàbá Ń Ṣe

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni Bàbá, bí gbogbo ọ́fíìsì ṣe ń pe àgbà òṣìṣẹ́ náà, kò fi gba ìsinmi. Ètò orí kọ̀ǹpútà tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń ṣírò òògùn ọmọdé ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Kálukú ń kọ abala tirẹ̀, àmọ́ kọ̀ǹpútà Bàbá nìkan ló lè pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ di odidi. Ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ pàápàá, ìdí kọ̀ǹpútà yẹn ni wọ́n bá a.

Ọmọ náà ti fẹ́ bímọ báyìí, Bàbá ò sì fẹ́ kí èyí náà fo òun. Nígbà tí ọ̀gá ní kí wọ́n kọ ìlànà pípa á pọ̀, ọ̀kan ṣoṣo tí yóò ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni, kíá ló kọ ọ́, ìgbésẹ̀ mọ́kànlá. Ìyá Ìbéèrè, bí wọ́n ṣe ń pe ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ tuntun kan, tẹ̀lé e lẹ́ẹ̀mẹrin. Pàbó ni. Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà, àmọ́ tọmọbìnrin yìí le débi pé àwọn kan ń sá fún un nídìí ẹ̀rọ omi.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é lójú mi.”

“Ṣebí mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀? Kí lo tún fẹ́ rí?”

“Ìka yín ni mo fẹ́ wò.”

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó jókòó, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ wìrìwìrì. Lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kẹrin, ọmọbìnrin náà figbe ta.

“Ẹ dúró! Fáìlì wo lẹ gbé yẹn?”

“Èmi? N ò gbé nǹkan kan o.”

Ó tún un ṣe. Ọwọ́ tún gbé e. Bàbá wá ń wo ìka ara rẹ̀ bí ẹni tó bá àlejò ní yàrá. Fáìlì òṣùwọ̀n òògùn tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ nìkan ni. Orí rẹ̀ ti gbàgbé rẹ̀ tipẹ́, ọwọ́ ni ò gbàgbé.

Wọ́n kó fáìlì náà síbi tí gbogbo wọn ti ń mú iṣẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìlànà. Ìyá Ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ó papọ̀ di odidi.

“Ẹnikẹ́ni ti lè ṣe é nìyẹn?” Bàbá béèrè.

“Ẹnikẹ́ni, Bàbá.”

Ó dun Bàbá, ká má parọ́. Fóònù rẹ̀ dún. Ọmọ rẹ̀ ni.

“Bàbá mi, ẹ ò ní lè wá náà nìyẹn, àbí?”

“Jẹ́ kí n wò ó ná” ló máa ń fi dá a lóhùn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó nawọ́, ó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀.

“Mo ti ń bọ̀,” ló wí.