Ta Ló Já Làálì Mùíbátù?

"Ta ló já ewé làálì mi?"

Mùíbátù dúró sí àárín àgbàlá ilé tí wọ́n ń gbé ní Joju, ó fọwọ́ mú ìbàdí. Àwọn tó ń fọṣọ tẹrí mọ́ bàsíà. Ẹni tó ń pọnmi dúró, ó wò ó, ó tún ń pọnmi lọ.

Igi làálì náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju Mùíbátù lọ. Láti Ìwó ló ti gé ẹ̀ka rẹ̀ wá nígbà tó ń bọ̀ wá sílé ọkọ. Ó rì í mọ́lẹ̀ lásìkò òjò, ó ń ṣìkẹ́ rẹ̀ títí tó fi mú gbòǹgbò. Bó bá yọ òdòdó rẹ̀ wẹ́wẹ́, òórùn rẹ̀ a máa borí èéfín ilé-iṣẹ́ tó wà lẹ́yìnkùlé. Ewé rẹ̀ ló ń gún mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́, tó fi ń kun ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn ìyàwó. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe yìgì, láti Sango dé Alapoti, ilé Mùíbátù ló ń béèrè. Ìyẹ̀fun làálì inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà lọ́jà kò tu irun kan lára rẹ̀. Ó ní kẹ́míkà ni, ó ń bó àwọ̀.

Motúnráyọ̀, ìyàwó ọ̀la, ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí. Ibi tọ́rọ̀ sì wá le sí nìyí: Àlájì Afọlábí tó nilé ti búra pé igbó lásán ni làálì náà, pé ejò ló ń kó wọlé. Bí òun bá ti kírun Jímọ̀ tán lónìí, aládàá á dé. Mùíbátù ti bẹ̀ ẹ́ títí, ẹnu rẹ̀ gbẹ. Ó wá jáde láti já ewé kí wọ́n tó gé e, àfi bó ṣe bá a pé gbogbo ọ̀mùnú rẹ̀ ti lọ. Èyí tó gbó, tí kì í pọ́n dáadáa, ló ṣẹ́ kù.

"Ìyá Lucy! Ẹ so ewúrẹ́ yín mọ́lẹ̀ o!"

Ìyá Lucy, tí wọ́n jọ ń gbé ilé náà, yọjú, pákò wà lẹ́nu rẹ̀. "Ewúrẹ́ tèmi kẹ̀? Ṣé ó fẹ́ relé ọkọ ni, tó fi ń wá làálì?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ta Mùíbátù bí ata.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín! Bí wọ́n bá gé e tán, ẹ̀ ẹ́ tún rẹ́rìn-ín!"

"Máà kanra mọ́ mi, jàre. Wò ó." Ìyá Lucy fa ẹ̀ka kan wálẹ̀. "Bó bá ṣe ewúrẹ́ ni, á jẹ ẹ̀ka mọ́ ewé. Ẹni tó já èyí yẹra fún ẹ̀gún, ó ṣa èyí tó dáa. Ó mọ làálì."

Òótọ́ ni. Òótọ́ náà ló tún wá dá iná sí inú Mùíbátù. Ó gbọ̀nà ilẹ̀kùn Àlájì lọ, ó ń fọwọ́ gbá a.

"Àlájì! Ẹ jáde, ẹ wá gé e nísinsìnyí! Ẹ ní igbó ni, ẹ ní kò wúlò fún ẹnì kankan. Ẹni tó jí i mọ̀ pé ó wúlò!"

"Mùíbá, ṣé orí ẹ pé?" ni Àlájì ń sọ láti inú yàrá. "Mò ń múra Jímọ̀!"

"Ẹ máa múra! Ẹ sọ fún Ọlọ́run pé ẹ fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu mi!"

Ilẹ̀kùn ṣí. Àlájì jáde nínú jàlàbíà funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, òórùn tùràrè ń ta sánsán lára rẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ tó funfun bí òwú lánàá ti pọ́n fòò bí epo.

Pákò bọ́ lẹ́nu Ìyá Lucy.

Mùíbátù kò kí i, kò kúnlẹ̀. Ó na ìka sí àgbọ̀n rẹ̀.

"Igbó yín ti hù sójú, Àlájì. Kí aládàá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀."

Àlájì sáré fọwọ́ bo àgbọ̀n. Gbogbo orí ìka rẹ̀ ló pọ́n.