Iná Iwájú Ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n Oyèníran

Kí n má purọ́, iṣẹ́ rewáyà, iṣẹ́ títún iná ọkọ̀ ṣe, ti sú mi pátápátá kí Iléyá ọdún 1957 tó dé, àwọn onímọ́tò ló sì sú mi jù. Ẹni tó bá ti rí ọkọ̀ òyìnbó kan tí iná rẹ̀ ń mọ́lẹ̀ yòò lọ́nà Ìkòròdú, kíá, yóò wá bá mi ní Mùṣín pé kí n ṣe tòun bẹ́ẹ̀. Kò ní bèèrè bóyá bátìrì òun lè gbé e. Láti àárọ̀ ni mo ti máa ń tẹ̀ kọdọrọ sídìí ẹ́ńjìnnì, tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yìn á máa ro mí bí ẹni tó gbé odó.

Ẹni tí kò yẹ kó sú mi ni Ẹ̀gbọ́n Oyèníran. Àwọn ló fi ọkọ̀ wọn gbé mi wá sí Èkó láti Ògbómọ̀ṣọ́, orí àpò gàrí ni mo jókòó sí. Àwọn náà ló bá mi bẹ Alájì Tìrìmísíyù tó fi fún mi ní ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ kí n máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ogún ọdún ni wọ́n ti ń wa bọ́lẹ̀kájà láti Èkó sí Ògbómọ̀ṣọ́, òru ni wọ́n sì fẹ́ràn láti máa rìn, nítorí ẹ́ńjìnnì kì í tètè gbóná lóru. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mẹ́rin, wọn kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn ju pé iná iwájú ọkọ̀ àwọn ń ṣe bàìbàì.

Mo pààrọ̀ gílóòbù inú iná náà sí èyí tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n padà wá. Mo yọ wáyà tó ti gbó, mo fi èyí tó nípọn rọ́pò rẹ̀. Wọ́n padà wá. Mo tú abọ́ inú iná náà, èyí tó ń ta ìmọ́lẹ̀ síwájú, mo gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ fàdákà kan ní Yábà, ó fi fàdákà pa á títí mo fi ń rí eyín ara mi nínú rẹ̀. Wọ́n tún padà wá. Lọ́jọ́ yẹn wọ́n ti fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gbá igi, wọ́n ní ọ̀nà ló burú. Ọ̀rọ̀ kan wá sí mi lẹ́nu, mo gbé e mì. Ta ni mí tí n óò fi sọ fún ẹni tó mú mi mọ Èkó pé bóyá ojú ni kí wọ́n lọ yẹ̀ wò? A kì í gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu àbúrò. Gílóòbù mìíràn ni mo ń wá kiri.

Àṣà kan wà lọ́dọ̀ mi. Mo fi èédú fa ìlà gbọọrọ kan sára ògiri Alájì. Tí mo bá ṣe iná tán, tí ilẹ̀ ń ṣú, a óò gbé ọkọ̀ kọjú sí ògiri náà, onímọ́tò fúnra rẹ̀ yóò jókòó nídìí ọkọ̀, yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bóyá ìmọ́lẹ̀ kan ìlà. Tó bá ti ní ó kàn án, ìjà parí. Kò tún lè wá bú mi lọ́jọ́ kejì.

Ní ọjọ́ Àràfà, tí Iléyá ku ọ̀la, mo gba ààwẹ̀, ọ̀fun mi gbẹ. Èrò méjìlélógún ti jókòó sínú ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n pẹ̀lú àgbò mẹ́ta, ilé ni wọ́n ti fẹ́ kí ìrun ọdún bá wọn. Mo fi gílóòbù tó tóbi jù tí mo rí rà sí i, mo gbé bátìrì tuntun sí i, mo sì ní kí Ẹ̀gbọ́n tan iná. Ó mọ́lẹ̀ débi pé mo rí aláǹgbá kan tó ń sá gun ògiri.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó kan ìlà?”

“Ó kàn án gẹ́lẹ́,” ni wọ́n wí. “O ṣeun, Mùktárù. Tòní yìí ló dáa jù.”

Ìlà wo? Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni Alájì ti ní kí wọ́n fi ẹfun kun gbogbo ògiri nítorí ọdún. Mo ti bínú títí pé wọ́n pa ìlà mi rẹ́, ààwẹ̀ ni kò jẹ́ kí n lágbára láti fa òmíràn. Ògiri funfun báláú ló wà níwájú wa.

Ọkàn mi bàjẹ́. Mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀, mo rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn èrò má baà gbọ́.

“Kò sí ìlà níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti kun ògiri.”

Wọ́n bèèrè ẹni tó tún mọ̀, mo ní èmi nìkan ni. Wọ́n wá ní kí n jẹ́ kí àwọn lọ lẹ́ẹ̀kan yìí péré, nítorí ọdún, pé kò sí kòtò kan lọ́nà náà tí àwọn kò mọ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé wọ́n ń bẹ̀ mí. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, wọn kò bẹ̀ mí rí.

“Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n,” ni mo wí. “Àwọn tó jókòó lẹ́yìn yìí kò mọ̀.” Mo na ọwọ́ wọlé, mo yọ kọ́kọ́rọ́.

Mo sọ fún àwọn èrò pé ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́. Wọ́n bú mi, wọ́n ní ọwọ́ burúkú mi ló bà á jẹ́, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ọláṣùpọ̀, dírẹ́bà Ògbómọ̀ṣọ́ mìíràn tó wà ní Ojú Ẹlẹ́gbà, ló wá kó wọn àti àgbò wọn lọ.

Èmi ni mo wa ọkọ̀ gbé Ẹ̀gbọ́n lọ sílé wọn ní Sùúrùlérè. Ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n jókòó sí, wọn kò mọ ibi tí wọn yóò gbé ọwọ́ sí. N kò ṣe iná tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo ọ̀nà mọ́lẹ̀ kedere, ojú sì ń tì mí nítorí rẹ̀. Ní ibi kan, mo yà bàrá, wọ́n sì bèèrè ohun tó dé.

“Ọkùnrin kan ni, lórí kẹ̀kẹ́,” ni mo wí. “Kò tan iná. Ó gbé ọmọ sẹ́yìn.”

Wọ́n yí ọrùn wẹ̀yìn, wọ́n wò ó títí.

“Mi ò rí i,” ni wọ́n wí. Wọ́n kọjú síwájú padà, wọ́n ní, “Kí lo tún ń rí?”

Mo ń sọ ọ́ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí a fi dé ẹnu ọ̀nà wọn.